Ìlà Mẹ́ta lára Tìmùtìmù

Ìdí Sájẹ́ńtì ló kọ́kọ́ rí àlùmọ́gàjí onídẹ náà.

Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ti ń tú iléeṣẹ́ ìránṣọ náà. Wọ́n wo abẹ́ tábìlì, wọ́n da àpò òwú sílẹ̀, wọ́n gun orí àjà títí eruku fi sọ irun Sájẹ́ńtì di funfun bíi ti bàbá àgbà, wọn ò rí nǹkan kan. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, ẹsẹ̀ ti ń ro ó. Ó rí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, tìmùtìmù pupa tó ki dáadáa wà lórí rẹ̀, ó sì fi gbogbo ara jókòó sí i. Gbogbo ara Sájẹ́ńtì kì í sì í ṣe kékeré. Kò tíì jókòó tán tó fi fò sókè, tó figbe ta.

"Yéè! Nǹkan gún mi o!"

Ó fa abẹ yọ, ó fi ìbínú la etí òsì tìmùtìmù náà. Àlùmọ́gàjí ńlá kan yọ jáde láàárín fóòmù, ó ń dán gbinrin.

"Òun nìyẹn! Òun nìyẹn! Òun nìyẹn!" Ọ̀gá iléeṣẹ́ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀.

Ìlọ́po-Mẹ́ta ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀gá yìí lẹ́yìn. Aṣọ àwọn panápaná ni wọ́n ń rán níbẹ̀, ìlà ìrán mẹ́ta ni wọ́n sì ń rán sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá jó ìlà kan, tó jó ìkejì, ìkẹta á di aṣọ mú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lára títí yóò fi jáde. Ọgbọ́n gidi ni. Àmọ́ ọgbọ́n náà ti kúrò lára aṣọ, ó ti wọ orí ọ̀gá lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń lu agogo, ẹ̀dà mẹ́ta ló ń kọ lẹ́tà. Lẹ́tà tó kọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ pé wọ́n jí àlùmọ́gàjí bàbá òun gbé, mẹ́ta ni. Sájẹ́ńtì ló gbà wọ́n, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àlùmọ́gàjí mẹ́ta ló sọnù. Títí di aago mẹ́wàá ló ṣì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn pé méjì yòókù ńkọ́.

"Ta ló ni àga yìí?" Sájẹ́ńtì fi ọwọ́ kan di ìdí mú, ó fi ìkejì tọ́ka.

Gbogbo ojú yí sí obìnrin gíga kan tó di áyọ́ọ̀nù mú níwájú tábìlì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Aláyọ́ọ̀nù ti ń lọ aṣọ níbẹ̀. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló máa ń dúró, àyàfi àsìkò oúnjẹ ọ̀sán nìkan ló ń jókòó.

"Èmi ni mo ni í," ó ní. "Àmọ́ mi ò mọ bó ṣe débẹ̀."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀," ni Sájẹ́ńtì wí.

"Ẹ gbọ́ ná. Aago mẹ́rin òní ni ọ̀gá fẹ́ gbé e lé mi lọ́wọ́. Èmi ni wọ́n yàn. Kí ni n ó wá jí ohun tèmi fún?"

Òótọ́ ni. Àlùmọ́gàjí yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀gá yàrá ìránṣọ. Òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń dá ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tó bá ṣẹ̀, òun nìkan náà ló sì ń jẹun nínú yàrá onígíláàsì lókè. Ó ti tó ọdún kan tí àyè náà ti ṣófo.

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ jọ òótọ́ lójú Sájẹ́ńtì, àmọ́ ìdí ń ta á, kò sì ráyè ìrònú. "Bóyá ojú ń kán yín," ó ní.

Ìlọ́po-Mẹ́ta fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. "Tí agogo bá lù ní aago mẹ́rin, kó jáde, kó jáde, kó jáde! Ẹ mú un lọ sí àgọ́. Kò ní gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ tún gba ẹnu géètì yìí kọjá mọ́ láyé!"

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù rọra gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ dúró, ó sì fi ojú wá ibi tí yóò jókòó sí. Àga ò sí mọ́, ó ti di ẹ̀rí.

"Ẹ jẹ́ n wò ó."

Ohùn kan ló wá láti ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ínsípẹ́kítọ̀ ni, màmá kékeré kan tó so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yìí ni gbogbo àgọ́ ṣe ń pè é ní Màmá Ẹ-Jẹ́-N-Wò-Ó. Ó ti pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ti dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù òfìfo tí wọ́n ti jí àlùmọ́gàjí náà, tí Sájẹ́ńtì sì ń wò ó pé àgbà ti ń dé.

Ó gba tìmùtìmù náà. Ó wo etí òsì tí abẹ là, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Nígbà tó kan etí ọ̀tún, ó gbé gíláàsì sójú, ó sì wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló fi tìmùtìmù náà há abíyá bí ẹni ń lọ sùn.

"Sájẹ́ńtì, ọpẹ́lọpẹ́ pé òsì lo gé. Tẹ̀ lé mi."

* * *

Inú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó bébà sí ni wọ́n wọ̀. Sájẹ́ńtì ti gbáradì.

"Ọ̀gá mi, mo ti yanjú ẹ̀," ó ní. "Àgádágodo mẹ́ta ló wà lára kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Àgádágodo mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, olè mẹ́ta! Ẹ jẹ́ ká wá àwọn méjì tó ràn án lọ́wọ́."

"Níbo làwọn kọ́kọ́rọ́ náà wà?"

"Ìyẹn ni mi ò tíì mọ̀."

"Orí ìṣó kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ọ̀gá ní òun máa ń gbàgbé ibi tóun fi wọ́n sí. Ológbò lè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn." Ó gbé tìmùtìmù sórí tábìlì. "Wá wo èyí."

Sájẹ́ńtì tẹ̀ ba. Bí wọ́n ṣe rà á lọ́jà ni etí tìmùtìmù náà ṣe wà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, ìlà ìrán kan ṣoṣo, òwú rẹ̀ sì ti ṣá. Àmọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, òwú tuntun ni, ìlà mẹ́ta gbọọrọ tó tò bí ojú irin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tú u, tí wọ́n ti ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ti rán an padà.

"Ìlà mẹ́ta," ni Sájẹ́ńtì wí. "Ará ilé yìí ló rán an."

"Ará ilé yìí tó mọ maṣíìnì í lò. Ṣé o rí etí síkẹ́ẹ̀tì Ìyá Aláyọ́ọ̀nù?"

Sájẹ́ńtì ò rí i. Kì í wo etí síkẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ tìyìtìyì.

"Pínnì ló fi há a. Pínnì mẹ́rin. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún láàárín àwọn aránṣọ, pínnì ló ń fi há etí aṣọ tirẹ̀. Obìnrin yẹn ò mọ maṣíìnì í fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló ń lo maṣíìnì níbí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì dúró ṣe iṣẹ́ àṣekún lánàá títí di aago mẹ́fà, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ sílé. Lọ pè wọ́n wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí o bá dárúkọ ìlà ìrán fún ẹnikẹ́ni, màá fi ẹ́ ṣọ́ géètì àgọ́ fún oṣù mẹ́ta."

* * *

Bàbá Bọ́bìnì ló kọ́kọ́ wọlé. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn aránṣọ, ó sì ti fa ojú ro kó tó jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ pẹ́ jù níbí, bàbá," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí. "Báwo ló ṣe rí lára yín tí wọ́n yan ẹlòmíràn?"

"Ó dùn mí! Ṣé kí n purọ́ ni? Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì fún ọdún mọ́kànlélógún, wọ́n wá fi aláyọ́ọ̀nù ṣe ọ̀gá mi. Mo sọ fún ọ̀gá lójú ẹ̀ pé ìyà ni wọ́n fi jẹ mí."

Sájẹ́ńtì ti ń fọwọ́ wá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ìgbànú. Ínsípẹ́kítọ̀ fi ojú dá a dúró.

"Ẹ ṣé, bàbá. Ẹni tó kàn."

Ẹni tó kàn ni Bọ̀ọ̀dá Àdúrà, tí kì í dáhùn ìbéèrè láìkọ́kọ́ gbàdúrà sí i.

"Ibo lẹ wà lánàá ní aago márùn-ún?"

"Ibi tí Ọlọ́run bá fi èèyàn sí náà ló máa ń dáa, ẹ sọ pé àmín."

"Àmín," ni Sájẹ́ńtì wí, kó tó rántí pé ẹnu iṣẹ́ lòun wà.

"Ìdí maṣíìnì mi ni mo wà. Mo gbórí sílẹ̀, mi ò rí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí ìparun wa."

Àmín ẹlẹ́ẹ̀kejì bọ́ lẹ́nu Sájẹ́ńtì. Ínsípẹ́kítọ̀ mí kanlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Antí Jẹ́jẹ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Maṣíìnì rẹ̀ ló sún mọ́ tábìlì Ìyá Aláyọ́ọ̀nù jù lọ. Ojú rẹ̀ ti pọ́n fún ẹkún, áńkáṣíìfù rẹ̀ sì ti tutù rinrin. Sájẹ́ńtì rí i pé ìlà mẹ́ta ni wọ́n fi ká etí áńkáṣíìfù náà. Ó wo àpò oúnjẹ tó gbé sórí itan, ìlà mẹ́ta. Ó wo épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ìlà mẹ́ta. Inú ẹ̀ dùn pé òun náà ti ń fojú síbi tí ọ̀gá òun ń fojú sí.

"Ọ̀rẹ́ yín ni Ìyá Aláyọ́ọ̀nù?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kì í ṣe ti ìyá kan náà, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ojoojúmọ́ la jọ ń jẹun ọ̀sán. Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò ní mú un lọ lóòótọ́, àbí?"

"Aago mẹ́rin ni wọ́n sọ."

Antí Jẹ́jẹ́ la ẹnu, ó tún pa á dé, ó sì bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe Sájẹ́ńtì débi pé ó fẹ́ yọ áńkáṣíìfù tirẹ̀ fún un, àmọ́ eruku àjà ti ba ìyẹn jẹ́.

* * *

Aago méjì kọjá. Sájẹ́ńtì ń retí pé kí Màmá sọ orúkọ olè. Dípò ìyẹn, ó gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó da ẹrù inú báàgì aláwọ̀ ewé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú àwọn àpò ara rẹ̀, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta.

"Ọ̀gá mi! Báàgì yín! Ṣé kò rẹ̀ yín báyìí?"

"Pe Bàbá Bọ́bìnì sídìí maṣíìnì. Kí àwọn yòókù dúró sínú ọgbà, kí wọ́n má rí wa."

Nígbà tí bàbá dé, Ínsípẹ́kítọ̀ na báàgì sí i. "Ẹ bá mi rán àpò yìí, bàbá. Ojú ń kán mi o, ìlà kan ṣoṣo ti tó."

"Ìlà kan? Kò burú."

Maṣíìnì dún wìrìrì. Bàbá yí aṣọ padà, ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún yí i padà. Kí Sájẹ́ńtì tó la ẹnu, ìlà mẹ́ta ti wà níbẹ̀.

"Ìlà kan ni mo ní kí ẹ rán, bàbá."

Bàbá wo báàgì náà, ojú tì í díẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ kó já sílẹ̀ fún yín lójú títì ni? Ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Olè ti bọ́ sọ́wọ́," ni Sájẹ́ńtì sọ sí Màmá létí, tó sì yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Màmá gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Bọ̀ọ̀dá Àdúrà wọlé. Wọ́n sọ ohun kan náà fún un, ó gbàdúrà sórí báàgì náà, ó sì rán ìlà mẹ́ta sí i láìwẹ̀yìn.

"Olè ti di méjì," ni Sájẹ́ńtì wí. Ó ti ń rò ó pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan ṣoṣo lòun mú dání.

Antí Jẹ́jẹ́ jókòó. Ó gba báàgì, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ maṣíìnì, ó rán ìlà kan. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ yí aṣọ padà, ó dá a dúró. Ó gé òwú, ó sì dá báàgì padà. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Ọkàn Sájẹ́ńtì fúyẹ́. "Ó yọ bọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun."

"Pe gbogbo wọn wọlé," ni Màmá Ẹ-Jẹ́-N-Wò-Ó wí. Inú rẹ̀ ò dùn, ó sì hàn lójú rẹ̀.

* * *

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlọ́po-Mẹ́ta ti mú okùn agogo dání. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù ti tú épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì rẹ̀ tó ti nù mọ́. Ìyẹn ló dun Sájẹ́ńtì jù, pé ẹni tí wọ́n fẹ́ lé lọ ṣì tún nu tábìlì.

Ínsípẹ́kítọ̀ gbé tìmùtìmù sókè kí gbogbo wọn rí i.

"Ẹni tó fi àlùmọ́gàjí sínú èyí, ìlà mẹ́ta ló fi rán an padà. Kò ronú sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Mo bi ara mi pé báwo ni n ó ṣe mọ̀ ọ́n láàárín ẹni mẹ́ta tí wọ́n jọ ń rán ìlà mẹ́ta. Mo wá ní kí wọ́n bá mi rán ìlà kan. Bàbá Bọ́bìnì gbìyànjú, ọwọ́ rẹ̀ ò gbà. Bọ̀ọ̀dá Àdúrà ò tilẹ̀ gbìyànjú."

"Ògo ni fún Ọlọ́run," ni Bọ̀ọ̀dá Àdúrà wí.

"Ẹnì kan ló rán ìlà kan. Ẹni tó jẹ́ pé áńkáṣíìfù tó fi ń nu imú, ìlà mẹ́ta ló fi ká a. Kí ló dé tó fi kó ọwọ́ ara rẹ̀ níjàánu lónìí nìkan? Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìlà mẹ́ta ti di ọ̀ràn. Sájẹ́ńtì náà ò sọ, nítorí kò fẹ́ ṣọ́ géètì. Ẹnì kan ṣoṣo ló tún lè mọ̀."

Ìgbà yẹn lọ́rọ̀ náà tó wọ Sájẹ́ńtì lórí, ó sì wù ú kó má tíì wọ̀ ọ́.

Antí Jẹ́jẹ́ ti kúnlẹ̀.

"Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Nígbà tí Màmá ń wo etí tìmùtìmù yẹn ni mo tó rántí pé mo ti rán an bí aṣọ panápaná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ láti àárọ̀, ẹnu mi ò là."

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. "Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Tí wọ́n bá gbé àlùmọ́gàjí yẹn fún yín, òkè lẹ ó ti máa jẹun. Ọdún mọ́kàndínlógún! Ta ló máa bá mi jẹun? Ṣé Bàbá Bọ́bìnì tó ń bínú sí oúnjẹ?" Ó fi áńkáṣíìfù nu imú. "Mo rò pé tí wọn ò bá rí i, ọ̀gá á sún ayẹyẹ náà síwájú. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fẹ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa pe ọlọ́pàá. Mo fi í sábẹ́ yín torí pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń jókòó síbẹ̀. Fóòmù yẹn ki, ẹ ò sì wúwo. Mi ò mọ̀ pé…" Ó wo Sájẹ́ńtì, ó sì gbé ojú kúrò.

Sájẹ́ńtì ṣe bí ẹni pé kò gbọ́.

"Kó jáde!" Ìlọ́po-Mẹ́ta pariwo. "Kó jáde, kó…"

"Ẹ dúró ná," ni Ínsípẹ́kítọ̀ wí. Ó gbé àlùmọ́gàjí onídẹ lé Ìyá Aláyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. "Aago mẹ́rin ti lù lára aago ọwọ́ mi. Òfin bàbá yín ni pé ọ̀gá yàrá ló ń dá ẹjọ́ òṣìṣẹ́, àbí òfin ti yí padà?"

Ìlọ́po-Mẹ́ta la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn ò jáde. Ó wá fa okùn, agogo sì lù, ó tún lù, ó tún lù.

Ìyá Aláyọ́ọ̀nù di àlùmọ́gàjí mú. Ó wo yàrá onígíláàsì lókè, ó wo tìmùtìmù tó ti fàya, ó wo ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún pẹ̀lú ìbínú.

"Wọ́n fẹ́ mú mi lọ, o ń wò mí níran," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, o ò ní gbọ́ ọ. Wàá sì tún tìmùtìmù mi rán, etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìlà mẹ́ta-mẹ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán." Ó mú épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ lórí tábìlì, ó tú u, ó sì so ó padà mọ́ ìdí. "Ọjọ́ kẹrin, gbé oúnjẹ ẹ wá sídìí tábìlì mi. Mi ò lọ sókè kankan."